Bí A Ṣe Ń Fọ Aṣọ Oníṣẹ́ Ọnà Nílé Tí Ọrùn Rẹ̀ Kò Fi Ní Hunjọ

Agbádá gíní funfun, ọnà búlúù lọ́rùn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tíì wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, búlúù ti wọnú funfun, ọnà ọrùn sì ti ká kò bí ewé tí oòrùn pa. Ẹni tó fọ̀ ọ́ ń bínú sí ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ kọ́ ló fà á.

Ohun mẹ́ta ló pa pọ̀ di aṣọ oníṣẹ́ ọnà: ara aṣọ fúnra rẹ̀, òwú tí wọ́n fi ṣe ọnà, àti sitéè, ìyẹn bébà tàbí aṣọ líle tí télọ̀ tẹ́ sẹ́yìn ọnà kó lè dúró. Omi kì í ṣe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà. Gíní tàbí àtíkù tí wọ́n fi òwú ṣe máa ń súnkì nínú omi gbígbóná. Òwú pọlisítà tó wà lórí rẹ̀ kì í súnkì. Ibi tí ọ̀kan ti fà sẹ́yìn tí èkejì kọ̀ láti bá a lọ ni ọnà ti ń hunjọ. Òwú mìíràn wà tó jẹ́ pé bó bá ti tutù ni agbára rẹ̀ dín kù, tí ìfúnpọ̀ kékeré á já a. Nítorí náà, ẹ má fi ara aṣọ ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tó lẹ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ fi díwọ̀n omi, ọṣẹ àti ooru áyọ́ọ̀nù.

Èyí tí kò yẹ kó kan omi nílé

Aṣọ òkè tí wọ́n ṣe ọnà sí, ẹ má rẹ ẹ́. Ọ̀já tín-ín-rín tín-ín-rín ni wọ́n rán pọ̀ di aṣọ òkè, ọ̀já kọ̀ọ̀kan sì lè súnkì lọ́tọ̀, kí gbogbo aṣọ wá dà bí ẹni tó wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni sányán, àrán, àti aṣọ tí wọ́n fi gúmù lẹ òkúta dídán mọ́ kítikìti. Aṣọ híhun àtijọ́ tí ìdílé ń tọ́jú, pàápàá aṣọ pupa tí wọ́n ń hun ní ilẹ̀ Bùnú ní ìpínlẹ̀ Kogí, kì í ṣe ohun tí a ń fi sínú báàfù rárá. Àwọn wọ̀nyí, ẹ gbọn eruku ara wọn, ẹ fẹ́ wọn sí abẹ́ ìbòòji fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ nu ojú ibi tó dọ̀tí, kí ẹ sì gbé èyí tó kù lọ bá onífọṣọ tó ń lo kẹ́míkà dípò omi.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Báàfù ńlá méjì tó mọ́, tí kò ní ìpẹtà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì oní-lítà 20. Ìdajì rẹ̀ ni lítà 10 tí a óò máa sọ. Ọṣẹ ẹlẹ́bú tàbí ọṣẹ olómi tí kò ní bílíìṣì nínú. Ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Fínígà funfun. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀. Aṣọ funfun ègé mẹ́ta. Táwẹ̀lì nípọn méjì. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín. Àpò ìrọ̀rí àtijọ́ kan tó tóbi. Okùn ìsáṣọ oní-ike, kì í ṣe wáyà, nítorí wáyà máa ń pẹtà sára aṣọ.

Omi gan-an tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Omi bóhò tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ máa ń fi nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sílẹ̀ láàárín òwú ọnà, ìyẹn ló ń mú kí ọnà dúdú dà bíi pé ó ti ṣá nígbà tí kò tíì ṣá. Omi òjò tí ẹ gbè sínú ọpọ́n tó mọ́ dára jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí. Bí omi yín bá sì ní àwọ̀ ìpẹtà, ẹ bu ú sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì kó tòrò, kí ẹ wá rọra da ojú rẹ̀ lò. Ẹ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

1. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kan omi

Ẹ tú àpò gbogbo wò. Àpò àyà agbádá jìn, obì tí ẹnìkan gbé lé yín lọ́wọ́ níbi ayẹyẹ ló sábà máa ń kù sísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú bírò. Obì kan nínú omi tó láti fún ẹ̀wù funfun ní àwọ̀ tí kò ní í kúrò mọ́.

Ẹ wá yí inú aṣọ síta, kí ẹ tẹ́ ẹ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí òwú kan bá ti yọ, ẹ má ṣe gé e. Ọnà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe bí ẹ̀wọ̀n, ìdì kan ló di èkejì mú: ẹ gé ọ̀kan, gbogbo ìlà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú bí ẹnu àpò ìrẹsì tí a fa okùn rẹ̀. Ẹ ki òwú tó yọ náà bọ abẹ́rẹ́, ẹ fà á lọ sí ẹ̀yìn aṣọ, ẹ so ó ní kókó méjì, kí ẹ sì fi bíi sẹ̀ntímítà 2 sílẹ̀ kí ẹ tó gé ìyókù. Òkúta dídán tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó bá ń mì nígbà tí ẹ fi àtàǹpàkò tì í, ẹ rán an mọ́lẹ̀ báyìí. Bọ́tìnì onírin, ẹ yọ ọ́.

Ẹ tún wádìí irú òwú tó wà níbẹ̀. Ẹ gé òwú tó gùn tó ìka kan nínú ìyókù tó wà lẹ́yìn ọnà, ẹ gbé e sórí abọ́ irin, kí ẹ ṣáná sí i. Bó bá yọ́ tó di kókó líle dúdú, pọlisítà ni; ó lágbára nínú omi. Bó bá jó bíi bébà tó sì di eérú rírọ̀, òwú lásán tàbí réyọ́ọ̀nù ni. Èyí tó ń dán bíi sílíkì nínú wọn ni réyọ́ọ̀nù, òun ni mo ní agbára rẹ̀ ń dín kù bó bá tutù. Òwú wúrà àti fàdákà, ojú lásán ti tó láti dá a mọ̀: ó pẹlẹbẹ, ó ń kọ mọ̀nà. Ooru ló ń ba tiẹ̀ jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí ti parí bí ẹ bá fi ọwọ́ pa gbogbo ojú ọnà láti òkè dé ìsàlẹ̀ tí èékánná yín kò sì fa nǹkan kan.

2. Ẹ dán àwọ̀ wò, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Wọ́n á ní aṣọ náà wọ́nwó, àwọ̀ rẹ̀ kò lè jáde. Owó kọ́ ló ń mú àwọ̀ dúró.

Ẹ po ìdajì ṣíbí kékeré ọṣẹ mọ́ ife omi tútù kan. Ẹ ki aṣọ funfun bọ̀ ọ́, ẹ gbé e lé ẹ̀yìn ọnà níbi tí ojú kò ti ní í rí i, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Ìfọwọ́kàn lásán kò tó. Àwọ̀ mìíràn máa ń dúró kó tó jáde. Ẹ ṣe é fún òwú pupa, fún búlúù tó dúdú, fún dúdú, fún àwọ̀ wáìnì, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi mímọ́ tuntun lára aṣọ funfun náà. Ẹ ṣe é fún ara aṣọ pẹ̀lú.

Bí aṣọ funfun bá jáde ní funfun, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ náà ṣeé fọ̀ nínú omi tútù, òun nìkan, kò sì gbọdọ̀ lò ju ìṣẹ́jú 10 lọ nínú omi lápapọ̀, láti ìgbà tó wọ ọ́ títí di ìgbà tí ẹ ká a sínú táwẹ̀lì. Ìyẹn ni pé kí ẹ ti pọn omi ìṣan sílẹ̀ kó tó kan omi ọṣẹ. Bí àwọ̀ bá jáde bí ẹni fi yíǹkì kọ̀wé, ẹ dá a padà sí àpótí títí ẹ ó fi rí onífọṣọ tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ ó gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa pé iyọ̀ máa ń mú àwọ̀ dúró, tàbí pé fínígà ń ṣe é. Níbi ìrẹláró, ó ní ibi tí iyọ̀ ti wúlò. Lára òwú ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa láró tí wọ́n ti tà, kò sí ohun tí ìkúnwọ́ iyọ̀ máa ṣe fún àwọ̀ tó ti fẹ́ jáde. Àkókò díẹ̀ nínú omi tútù ló ń gba aṣọ yẹn là.

3. Eruku àti àbàwọ́n, nígbà tí aṣọ ṣì gbẹ

Ẹni tó ń gbé láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀ mọ eruku pupa tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ ní oṣù Kejìlá, oṣù náà gan-an tí ìnáwó pọ̀ jù. Eruku yìí bá tutù lára funfun, ẹrẹ̀ ló dì. Ẹ gbé aṣọ kọ́, ẹ fi ọwọ́ gbọn ọ́n láti ẹ̀yìn, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ojú ọnà sí ìhà kan ṣoṣo, ìhà tí òwú tẹ̀ sí. Bí ẹrẹ̀ bá ti ta sí i, ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ fi èékánná ṣí i kúrò, kí ẹ tó ronú omi. Eruku símẹ́ǹtì le jù ú lọ, nítorí omi ló ń sọ símẹ́ǹtì di òkúta. Bí ẹ bá ti ibi tí wọ́n ń kọ́lé dé, ẹ gbọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì.

Epo pupa. Ọbẹ̀ iyán kò ní ojú àánú fún agbádá. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí kó èyí tó lé téńté kúrò, ẹ má fi ọwọ́ pa á wọlé. Ẹ da pọ́dà tàbí sítáàṣì gbígbẹ lé e fún ìṣẹ́jú 20 kó fa epo, ẹ gbọn ọ́n dànù. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́, ẹ kán ọṣẹ olómi ìfọbọ́ sí i láti ẹ̀yìn, ìkán mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, láì yí i. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti ṣe é kí epo lè bá ojú tó gbà wọlé jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ bu omi tútù sí i. Àwọ̀ ìyeyè kan sábà máa ń kù. Bí aṣọ bá jẹ́ funfun tí epo fúnra rẹ̀ sì ti kúrò, oòrùn ni yóò pa ìyókù, wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ooru áyọ́ọ̀nù tó bá kan epo kó tó kúrò yóò so ó mọ́ aṣọ.

Obì, tíì, wáìnì. Omi tútù kíákíá, lẹ́yìn náà ọṣẹ ẹlẹ́bú tí ẹ ti yọ́. Ẹ má fi ọṣẹ gígùn pa á lójú. Ọṣẹ gígùn lè mú kí àbàwọ́n irú èyí wọnú òwú.

Ẹ̀jẹ̀, omi tútù nìkan, kò gbọdọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ rárá.

Òógùn ní abíyá àti ọrùn. Funfun tí òógùn ti sọ di ìyeyè, ìdá kan fínígà sí ìdá mẹ́rin omi, ẹ fi aṣọ kan án fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fi ọṣẹ tó yọ́ tẹ̀ ẹ́. Bílíìṣì ni ọ̀pọ̀ ń sáré dà sí i, òun gan-an ló sì ń mú kí ìyeyè òógùn le sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bílíìṣì máa ń jẹ òwú réyọ́ọ̀nù, ó máa ń pa àwọ̀ ọnà. Lára aṣọ oníṣẹ́ ọnà, kò sí iye tó kéré tó.

Láti mọ̀ bóyá ó ti jẹ́: ẹ gbé ibi àbàwọ́n wò nígbà tó ṣì tutù, kí ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí òjìji rẹ̀ bá ṣì hàn, ẹ tún un ṣe báyìí. Àbàwọ́n tó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti fẹ́ di ti aṣọ.

4. Fífọ̀ gan-an

Èyí kò gùn. Ẹ yọ́ ṣíbí ìjẹun ọṣẹ ẹlẹ́bú kan nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ dà á sínú lítà 10 omi tútù, kí ẹ rò ó títí ọwọ́ yín kò fi ní í kan ẹ̀búlẹ́bú mọ́. Ọṣẹ tí kò yọ́ tó bá há sáàárín ọnà máa ń jẹ àwọ̀ ojú kan, ó sì máa ń fi àmì funfun roboto sílẹ̀. Ọṣẹ dúdú kò bá iṣẹ́ yìí mu. Eérú inú rẹ̀ le fún òwú aláwọ̀.

Inú aṣọ ṣì wà níta. Ẹ ká agbádá kí ọnà wà láàárín, apá méjèèjì á bò ó, kí ẹ fi sínú àpò ìrọ̀rí, kí ẹ so ẹnu rẹ̀. Ẹ rì í. Funfun tó yege ìdánwò àwọ̀ lè lo ìṣẹ́jú 15. Aláwọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ jẹ́ kó gbéra, bí ẹni ń po ẹ̀bà láì kánjú, ìgbà 30 sí 40. Omi tó ń gba inú aṣọ kọjá ló ń fọ̀ ọ́.

Ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ẹ má lù ú mọ́ òkúta. Ìró ṣàkà-ṣàkà tí à ń gbọ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ aṣọ fọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ṣòkòtò oko.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńkọ́? Bí ẹ kò bá lè yẹra fún un: nínú àpò tó so, omi tútù, ìyípo tó rọ̀ jù lọ, kí ẹ pa á kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún omi. Aṣọ tó ní ìlẹ̀kẹ̀ tàbí òwú wúrà, ẹ má gbé e síbẹ̀.

Bí àwọ̀ bá jáde láìròtẹ́lẹ̀: ẹ má ṣe sá a. Aṣọ tó ṣì tutù ṣeé gbà là; èyí tó ti gbẹ, ó ṣòro. Ẹ gbé e lọ sínú omi tútù tó pọ̀, lítà 20, pẹ̀lú ṣíbí ọṣẹ méjì, ẹ tẹ́ ẹ kí ara rẹ̀ má ṣe lé ara, kí ẹ pààrọ̀ omi náà ní gbogbo ìṣẹ́jú 30 títí omi yóò fi mọ́. Mo mọ̀ pé mo ti sọ pé kó má pẹ́ nínú omi. Ibi tó ti dà sí ni ẹ ń lé kúrò nísinsìnyí, omi púpọ̀ ló sì lè gbé e lọ.

5. Ṣíṣan

Omi mẹ́ta, lítà 10 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn tutù bákan náà. Ẹ gbé aṣọ pẹ̀lú apá méjèèjì lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni gbé ọmọ jòjòló láti inú omi ìwẹ̀. Ẹ má di ọrùn rẹ̀ mú fà, torí agbádá tó mu omi wúwo, ìwúwo yẹn lásán sì tó láti ya sitéè kúrò lẹ́yìn ọnà. Fún aṣọ aláwọ̀, ẹ da ṣíbí ìjẹun fínígà méjì sínú omi ìkẹta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ọṣẹ tó kù. Òórùn rẹ̀ á lọ bó bá gbẹ. Aṣọ tó ní òwú wúrà tàbí fàdákà, ẹ fi fínígà náà sílẹ̀.

Ẹ bu omi ìkẹta díẹ̀ sínú ìgò, kí ẹ mì í. Bí ìfófò bá dúró lókè ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, ọṣẹ ṣì wà níbẹ̀. Omi ìkẹrin kò burú.

6. Fífa omi àti sísá

Ẹ má fún un. Ẹ tẹ́ táwẹ̀lì, ẹ tẹ́ aṣọ lé e, táwẹ̀lì kejì lórí ọnà, kí ẹ ká gbogbo rẹ̀ bí ẹní, kí ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fi táwẹ̀lì gbígbẹ tún un ṣe.

Ibi tó dára jù láti sá a ni orí tábìlì tàbí ẹní tó mọ́ nínú yàrá, kó tẹ́, kí ọwọ́ yín na ọnà ọrùn padà sí bó ṣe rí nígbà tó ṣì rọ̀. Ìnà yìí ni ó ń pa ìdajì iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù. Bí kò bá sí àyè, ẹ fi agbádá kọ́ sórí okùn ike méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ìdajì wà níwájú, ìdajì lẹ́yìn, kí ọrùn má ru ẹrù. Inú aṣọ síta, lábẹ́ ìbòòji.

Lásìkò ọyẹ́, ó máa ń gbẹ kíá, ṣùgbọ́n eruku á tún bà á kí ẹ tó yíjú. Ẹ sá a sínú ilé, kí ẹ ṣí fèrèsé tí kò kọjú sí títì. Lásìkò òjò, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fáànù kàn án, torí aṣọ tó bá tutù mọ́jú máa ń bu.

Sísá sórí koríko, ẹ yẹra fún un pátápátá. Eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sára aṣọ tútù tó kan ilẹ̀, tí ìdin rẹ̀ ń wọ awọ ara èèyàn tó bá wọ aṣọ náà. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló ń pa ẹyin yẹn lára aṣọ yòókù. Aṣọ oníṣẹ́ ọnà kò lè gba irú ooru bẹ́ẹ̀.

Ó ti gbẹ bí ẹ̀yìn ọnà, níbi tí sitéè wà, kò bá tutù mọ́ nígbà tí ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ara aṣọ máa ń gbẹ ṣáájú rẹ̀ dáadáa.

7. Sítáàṣì, fún ẹni tó bá fẹ́

Gíní tí kò dúró gírí, àwọn kan kò ka á sí gíní. Ẹ po ṣíbí ìjẹun sítáàṣì ẹ̀gẹ́ méjì mọ́ ìdajì ife omi tútù, kí ẹ máa da omi híhó lítà kan sí i, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi tàn bí ogì tó jiná. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, nítorí kókó kan ṣoṣo á di àmì funfun lára aláwọ̀. Ẹ fi lítà mẹ́ta omi tútù là á.

Ojú ọnà kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Sítáàṣì máa ń mú òwú ọnà le, ibi tó bá ti le ni yóò ti ṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ká a. Ẹ di ọrùn àti àyà mú lókè, ẹ ki ìsàlẹ̀ àti apá nìkan bọ̀ ọ́. Aṣọ tí ẹ fẹ́ kó pamọ́ fún oṣù mẹ́ta, ẹ má fi sítáàṣì sí i rárá. Oúnjẹ aáyán ni.

8. Lílọ̀

Àwọn tó fọ̀ ọ́ dáadáa ń bà á jẹ́ níbí. Bí áyọ́ọ̀nù bá kan ojú ọnà tààrà, ó ń tẹ òwú pẹlẹbẹ, dídán rẹ̀ á lọ, òwú wúrà á ká kò, gúmù tó di òkúta mú á yọ́.

Ẹ ká táwẹ̀lì nípọn sí méjì, ẹ da ojú ọnà dé e, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè. Òwú tó yọ jáde á rì sínú táwẹ̀lì, kò ní í tẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ lé e lórí. Áyọ́ọ̀nù oníná, ìwọ̀n àárín fún gíní tó ní ọnà òwú lásán, ìwọ̀n ìsàlẹ̀ fún pọlisítà àti réyọ́ọ̀nù, ìsàlẹ̀ pátápátá fún òwú wúrà. Ẹ gbé e lé e, ẹ kà dé márùn-ún, ẹ gbé e kúrò, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má wọ́ ọ. Wíwọ́ ló ń ti ara aṣọ jọ sábẹ́ ọnà, bó bá sì ti jọ, ó di pé kí ẹ tún rẹ ẹ́.

Níbi tí iná kò bá sí, áyọ́ọ̀nù eléèédú náà ń ṣe é, bí ẹ bá mọ ìwà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èédú pọ́n tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí èyí tó ṣì ń jó ló ń ta iná pàrà. Ẹ jìnnà sí aṣọ kí ẹ tó fẹ́ ẹ tàbí mì í. Ẹ fi aṣọ nu ìdí rẹ̀. Kò ní òṣùwọ̀n ooru, torí náà ẹ gbé e lé bébà funfun kí ẹ kà dé márùn-ún: bí bébà bá pọ́n, ó gbóná jù. Ẹ dúró.

Nígbà tí ẹ bá ti lọ ọrùn, ẹ gbé e kọ́ fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó wọ̀ ọ́ tàbí ká a, kí ọ̀rinrin aṣọ tútù náà lè kúrò lára sitéè. Ó jẹ́ bí ọnà bá tẹ́jú, tí ìka yín sì ṣì ń mọ òkè àti ìsàlẹ̀ òwú rẹ̀ lára.

9. Ìpamọ́

Agbádá tó ní ọnà wúwo, ẹ má fi í sórí hangá. Èjìká rẹ̀ á gùn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ẹ tẹ́ aṣọ funfun lé ojú ọnà, ẹ wá ká apá wọlé, kí ìlà ìká kankan má gba àárín ọnà kọjá. Bí ọnà bá gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́, ẹ ká táwẹ̀lì róbóróbó sí ibi ìká kó má ṣẹ́ gooro. Ẹ fi aṣọ ìbora tó mọ́ wé gbogbo rẹ̀. Nylon táìtì tí wọ́n fi kó o wá láti ọ̀dọ̀ télọ̀, ẹ sọ ọ́ nù: ọ̀rinrin tó há sínú rẹ̀ ló ń bí àmì dúdú kéékèèké tí kì í lọ mọ́.

Káfúrà dára, ṣùgbọ́n ẹ fi bébà wé e kí ẹ sì fi sí igun àpótí. Kò gbọdọ̀ kan aṣọ, pàápàá òwú wúrà.

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ gbé e jáde, ẹ fẹ́ ẹ lábẹ́ ìbòòji fún wákàtí kan, kí ẹ tún un ká sí ibòmíràn yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Láàárín oṣù Keje sí Kẹwàá tí òjò bá ń rọ̀ léraléra, ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta. Ẹ ṣí àpótí lóṣooṣù, ẹ gbé imú sún mọ́ ẹ̀yìn ọnà níbi tí sitéè wà. Bó bá ti ń rùn bí yàrá tí wọ́n tì pa, aṣọ náà fẹ́ atẹ́gùn lónìí.